Ọ̀DÀ GBÍGBÓNÁ LÓRÍ ÒRÙLÉ, ÀTI ÌTỌ́JÚ ẸNI TÍ Ó BÁ JÓ

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé orí òrùlé gan-an ni àwọn tí ń ṣe é ti ń lo ohun tí ó gbóná ju omi híhó lọ jìnnà, láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Iṣẹ́ náà ni fífi ọ̀dà gbígbóná bo òrùlé pẹrẹsẹ, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní dẹ́ẹ̀kì, kí òjò má bàa jò wọlé. A yan ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ó kan púpọ̀ nínú àwa tí a péjọ síhìn-ín. Ó kan àwọn tí ọmọ wọn ń ṣe lébìrà níbi ilé kíkọ́. Ó kan àwọn tí wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ láti tún òrùlé ilé ara wọn tàbí ti gbọ̀ngàn ìjọ ṣe. Ó sì kan ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tí ó jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ di ẹni tí ó jó mú. Ẹni ìkẹyìn yìí ni ọ̀rọ̀ wa bá wí jùlọ.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ èwo nínú àwọn ọ̀dà ni a ń sọ, nítorí èdè wa fi orúkọ kan pe ohun púpọ̀. Èyí tí àwọn akunlé fi ń kun ara ògiri, ọ̀dà ni à ń pè é; kólítà tí ó wá láti inú èédú ilẹ̀, ọ̀dà ni à ń pe òun náà. Èyí tí a ń wí lónìí ni ọ̀dà dúdú tí ó ti ara epo rọ̀bì wá. Ohun àtijọ́ ni. Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì ti bá irú rẹ̀ pàdé lára ọkọ̀ Nóà àti lára apẹ̀rẹ̀ tí ìyá Mósè gbé ọmọ rẹ̀ sí. Ní erékùṣù Trinidad, adágún ọ̀dà kan wà ní La Brea, níbi tí Walter Raleigh ti fi ọ̀dà dí ara àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1595. Nílẹ̀ tiwa pàápàá, ní Agbabu ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀dà ń sun jáde láti inú ilẹ̀, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation sì ti gbẹ́ kànga ní agbègbè náà kí ogun ọdún 1914 tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí a ń rà fún òrùlé lóde òní, ilé ìfọpo ni ó ti ń wá. Nígbà tí wọ́n bá ti yọ bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì àti àwọn epo yòókù kúrò lára epo rọ̀bì, ohun dúdú tí ó ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ni. Nítorí òrùlé, wọn a tún máa fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tí ó gbóná, kí ó lè le sí i, kí oòrùn ọ̀sán má bàa yọ́ ọ kúrò níbi tí a tẹ́ ẹ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ọ̀dà tí a mú le kí oòrùn má lè yọ́ ọ, iná púpọ̀ ni yóò gbà kí ó tó yọ́ fún òṣìṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí irú òrùlé yìí ti wọ́pọ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn a gbé ìkòkò ńlá onírin tí ó ní ìdérí kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, wọn a fi gáàsì dáná sí i, wọn a sì sọ ìṣù ọ̀dà sínú rẹ̀ kí ó yọ́. Ẹ̀rọ a fa ọ̀dà yíyọ́ náà gba inú ọ̀pá irin lọ sí orí òrùlé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà á sínú garawa tàbí sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù, tí wọ́n ń fi ìnulẹ̀ olówùú tí igi rẹ̀ gùn nà án sílẹ̀, tí wọ́n sì ń yí fẹ́ẹ̀tì lé e lórí bí ẹni ń tẹ́ ẹní. Fẹ́ẹ̀tì yìí jẹ́ aṣọ nínípọn tí a ti rì bọ inú ọ̀dà ní ilé iṣẹ́ tí a ti ṣe é. Bí wọ́n bá tẹ́ fẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀dà. Bí wọ́n bá tẹ́ òmíràn, ọ̀dà. Títí yóò fi di ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n tó da òkúta wẹ́wẹ́ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà náà kò yàtọ̀ púpọ̀, bí kò ṣe pé àgbá irin tí a gé sí méjì ni a sábà ń fi ṣe ìkòkò, igi ni iná, àkàbà àti apá ènìyàn sì ni ẹ̀rọ tí ń gbé e gòkè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbóná rẹ̀. Omi ń hó ní 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Epo tí alákàrà fi ń dín àkàrà a máa tó nǹkan bí 180. Ọ̀dà òrùlé, nígbà tí ó bá ṣàn tó láti nà, a máa wà láàárín 200 àti 230. Bí ó bá tó nǹkan bí 260, èéfín ojú rẹ̀ lè gbiná bí iná bá fara kàn án. Ẹ wá fi èyí wé ara ènìyàn: omi tí ìgbóná rẹ̀ kò ju 60 lọ lè jó awọ ara wọnú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ní 70, ìṣẹ́jú-àáyá kan ti tó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbóná nìkan ni ọ̀ràn tí ó wà níbẹ̀. Bí omi gbígbóná bá dà síni lára, ó ń ṣàn lọ, ó sì ń tutù bí ó ti ń lọ. Ọ̀dà kì í ṣàn lọ. Ibi tí ó bá bà lé, ibẹ̀ ni ó lẹ̀ mọ́ bí oje igi. Ojú òkè rẹ̀ a tètè dì, ènìyàn a sì rò pé ó ti tutù, nígbà tí abẹ́ rẹ̀ tí ó kan ẹran ara ṣì ń jó lọ. Èyí tí ó dì lókè náà a wá dàbí ìdérí ìkòkò, tí kò jẹ́ kí ooru abẹ́ rẹ̀ ráàyè jáde. Nítorí náà ni egbò ọ̀dà fi máa ń jinlẹ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ.

Ọ̀tá tí ó burú jù fún ìkòkò ọ̀dà ni omi. Ìyàwó ilé tí ó ti sọ ẹja tí omi rẹ̀ kò tíì gbẹ sínú epo gbígbóná rí, mọ bí ó ti ń ta síni lára. Ti ọ̀dà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí ó bá bọ́ sínú ọ̀dà yíyọ́ a rì sí abẹ́ rẹ̀, nítorí ọ̀dà tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ ju omi lọ. Níbẹ̀ ni omi náà yóò ti di ooru lójijì, irú ooru tí à ń rí lẹ́nu ìkòkò tí ń hó. Bẹ́ẹ̀ ni omi tí ó bá di ooru a máa gba ààyè tí ó ju ìlọ́po 1,600 ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ife omi kan ṣoṣo, nígbà náà, yóò máa wá ààyè tí ó ju ti ẹgbẹ̀jọ ife lọ, ọ̀dà ni ó sì dúró lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀dà náà ni yóò gbé sókè, tí yóò wú bí ọṣẹ tí ń hó, tí yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, tàbí tí yóò fò lu ẹni tí ó dúró tì í.

Omi yìí kì í sì í fi ara rẹ̀ hàn. Ó lè jẹ́ òjò tí ó rọ̀ ní òru sínú àgbá tí a kò dé. Ó lè jẹ́ ìrì tí ó sẹ̀ sára ìṣù ọ̀dà, tàbí ìnulẹ̀ tí ẹnìkan fọ̀ tí kò sá gbẹ, tàbí fẹ́ẹ̀tì tí a gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. Ojú dẹ́ẹ̀kì fúnra rẹ̀ lè tutù, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀dà bá ti kàn án ni yóò máa ta pàrà-pàrà sí ojú ẹni tí ó tẹrí ba lórí rẹ̀. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ tí ó bá sọ lẹ́yìn òjò pé kí a dúró kí gbogbo nǹkan gbẹ, àwọn onílé a máa pè é ní ọ̀lẹ. Àwa kò rí ìwà ọ̀lẹ níbẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń tún dẹ́ẹ̀kì ilé kan ṣe ní ìlú wa. Òjò ti rọ̀ ní òru. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò ya aláìgbọ́n: wọ́n ti da omi tí ó wà lórí àgbá nù, wọ́n sì ti fi iná yọ́ ọ̀dà rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n garawa kan wà tí ó sùn síta, tí ó sì la ẹnu sókè, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ju ìkúnwọ́ kan lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ gbé garawa náà, ó sì bu ọ̀dà sínú rẹ̀. A gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí a ya aṣọ, ọ̀dà sì fò sókè bo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó mú wa sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnìkan sáré lọ mú ìgò kẹrosíìnì wá. Ẹlòmíràn gbá ọwọ́ ọmọ náà mú, ó fẹ́ fi àkísà ha ọ̀dà náà kúrò kí ó tó dì. Ìyá kan tí ń dín àkàrà ní òdìkejì ọ̀nà gbé ọpọ́n omi rẹ̀, ó ń sáré bọ̀, ó ń ké pé, “Ẹ bomi lé e! Ẹ bomi lé e!” Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ni ó dá a dúró. Ó ní, “Ìyá, ẹ dákun, omi àti ọ̀dà kì í rí ara wọn. Ṣé ẹ kò rí ohun tí omi ṣe ni?” Obìnrin náà dá a lóhùn pé, “Ti ìkòkò ni ẹ̀yin ń wí. Ọwọ́ ọmọ ni èmi ń wí.” Ó ti ọ̀gá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ri ọwọ́ ọmọ náà bọ inú ọpọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ yé. Ìbẹ̀rù ọ̀gá náà ní ìdí, nítorí ó ti rí ohun tí ìkúnwọ́ omi kan ṣe nínú garawa. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn méjèèjì kò rí bákan náà. Nínú garawa, omi díẹ̀ ni ó há sí abẹ́ ọ̀dà púpọ̀, kò sì rí ọ̀nà jáde bí kò ṣe pé kí ó ti ọ̀dà sókè. Lára ọwọ́, ọ̀dà díẹ̀ ni, omi púpọ̀ ni ó sì bò ó lórí. Bí omi bá di ooru lójú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gbà lọ, kò sí ohun tí yóò tì. Ọ̀dà náà a dì, ìgbóná rẹ̀ a sì wọ inú omi dípò kí ó wọ inú ẹran ara. Omi tí a ń sá fún nítòsí ìkòkò ni a gbọ́dọ̀ sáré wá fún ọwọ́ tí ó jó. Ìjiyàn tí ó wáyé níbẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rántí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò mọ ohun tí ìṣẹ́jú kan jẹ́ fún ọwọ́ ọmọ náà.

Bí ọ̀dà bá dà sí ènìyàn lára, nítorí náà, omi tútù tí ó mọ́ ni kí a kọ́kọ́ wá, kí a dà á lé ibẹ̀ tàbí kí a rì í sínú rẹ̀, kí ó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ jáde nítorí pé ọ̀dà náà ti dì lójú. Abẹ́ rẹ̀ ni à ń tu lára. Bí kò bá sí omi níbẹ̀, tí a sì ní láti lọ wá a, kí a lọ wá a, nítorí omi ṣì ń ṣe àǹfààní títí di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìjóná. Yìnyín kò dára, ó máa ń pa ẹran ara tí iná ti jẹ tẹ́lẹ̀. Kí a bọ́ òrùka, aago ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ kúrò kíákíá kí ibẹ̀ tó wú. Kí a bọ́ aṣọ tí ọ̀dà ta sí, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, kí a gé e yí i ká, kí a fi èyí tí ó lẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí ó ṣòro jù fún aláàánú ènìyàn, èyí ni pé kí ó fi ọ̀dà náà sílẹ̀ bí ó ti wà. Ojú a máa rí i bí ìdọ̀tí, ọwọ́ a sì máa yún wa láti yọ ọ́. Ẹni tí ó bá fà á yóò fà á pẹ̀lú awọ, nítorí ìléròrò ti wà lábẹ́ rẹ̀, ọgbẹ́ tí ó bá sì ṣí sílẹ̀ báyìí ni àwọn kòkòrò àrùn ń wá. Ọ̀dà tí ó ti tutù kì í jóni mọ́. Kò burú bí ó bá wà níbẹ̀ títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù ni kí a má tilẹ̀ mú súnmọ́ ọn: wọ́n a máa ta awọ tí ó ti jó, wọ́n a máa gba ojú egbò wọnú ara, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè gbiná nítòsí ààrò ọ̀dà tí iná rẹ̀ kò tíì kú. Epo pupa, ẹyin tútù, ògì, iyọ̀, ọṣẹ ìfọyín, gbogbo ìwọ̀nyí tí àwọn aládùúgbò máa ń gbé jáde pẹ̀lú inú rere, àwa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá wọn padà sínú ilé. Aṣọ mímọ́ tí ó gbẹ ni kí a fi bo ojú egbò náà wọ́ọ́rọ́wọ́, kí a sì máa lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀ràn méjì wà tí kò gba ìdúró rárá. Èkíní ni ọ̀dà tí ó bá yí ìka tàbí apá ká bí òrùka. Bí ó ti ń tutù ni ó ń sún kì, bẹ́ẹ̀ ni ara abẹ́ rẹ̀ ń wú. Láìpẹ́ ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá. Bí ìka bá ń funfun tàbí tí ó ń di aláwọ̀ aró, tí ẹni náà sì ń sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, kí a sọ fún oníṣègùn ní ẹnu ọ̀nà kí ó tètè là á. Èkejì ni ojú. Omi ni kí a máa rọra dà sí ojú náà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìka tàbí aṣọ wá ọ̀dà inú rẹ̀, nítorí dókítà nìkan ni ó mọ bí a ti ń yọ ọ́.

Ní ilé ìwòsàn, ohun ọlọ́ràá ni wọ́n fi ń yọ ọ̀dà, nítorí ọ̀dà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ epo, ohun tí ó bá sì jẹ́ ọmọ epo ni ó ń gbọ́ ti epo. Wọn a fi faselíìnì, òróró mímọ́ tàbí irú ìkunra bẹ́ẹ̀ pa á, wọn a dì í, wọn a dúró kí ó rọ̀, wọn a rọra nù ún, wọn a tún pa á. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, ó sì lè ju ọjọ́ kan lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe ẹ̀rí pé epo pupa tí a dá dúró lẹ́ẹ̀kan tọ̀nà. Òróró ilé ìwòsàn ń dé lẹ́yìn tí omi ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ tí ó mọ́ ni ó sì ń fi í pa á. Wọn a tún bi í léèrè bí ó bá ti gba abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lábẹ́ ìtọ́jú. Ó ń fi ọwọ́ náà jẹun lónìí, ó sì ń fi í ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìka kékeré rẹ̀ kò nà tán.

A ti pẹ́ lórí ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìkòkò. Bí ìkòkò bá gbiná, ìdérí ni oògùn rẹ̀. Kí a dé e, kí a pa gáàsì tàbí kí a fa igi jáde, kí gbogbo ènìyàn sì jìnnà sí i. Ẹni tí ó bá da omi lé e yóò tú iná ká gbogbo àyíká. Àgbá tí a gé sí méjì tí kò ní ìdérí kò ní ohun tí a lè fi pa iná rẹ̀, ohun tí a sì fi ń bínú sí i jùlọ nìyí. Páànù kan tí ó bo ẹnu rẹ̀ dáadáa kò wọ́nwó. Ẹ̀rọ ìwọn ìgbóná náà ṣe pàtàkì, nítorí iná igi kò ní ìwọ̀n, ojú lásán kò sì lè mọ ìgbà tí ọ̀dà kúrò ní 230 tí ó ń lọ sí 260. Bí èéfín rẹ̀ bá ń pọ̀ sí i tí ó sì ń ní àwọ̀ bíi ti ìyeyè, ó ti gbóná jù. Kí a dín iná kù.

Bí a ti ń gbé e gòkè náà ń jó ènìyàn. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í gbé garawa ọ̀dà gun àkàbà. Ẹni tí ọwọ́ kan rẹ̀ di garawa mú, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó kù fún àkàbà. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, òun àti ọ̀dà ni yóò jọ balẹ̀, àti ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Okùn àti ẹ̀rọ ìfàsókè ni kí a lò, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sábẹ́ rẹ̀. Garawa náà kò gbọdọ̀ kún ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Lórí òrùlé, kí ẹni tí ń gbé e máa rìn, kí ó má ṣe sáré, kí ó má sì fi ẹ̀yìn rìn. Ìnulẹ̀ tí ó bá lẹ̀ mọ́ ìdí garawa, kí a yí i ká títí yóò fi tú. Ẹni tí ó bá fà á tu lójijì yóò ta ọ̀dà sí ara rẹ̀ àti sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní ti aṣọ, òwú ni kí a wọ̀: ẹ̀wù alápá gígùn tí a dé bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lóde bàtà, tí kò ní ìṣẹ́po nísàlẹ̀ níbi tí ọ̀dà lè dúró sí. Aṣọ náílọ́ọ̀nù burú púpọ̀, nítorí òun náà a máa yọ́ lé ara. Bàtà awọ tí ó ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ ni kí ó wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà tí a ń rí lẹ́sẹ̀ wọn lójoojúmọ́. Ìbọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ fún mọ́ ọwọ́. Ó yẹ kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè gbọ̀n ọ́n nù lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀dà bá wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ń sọ ìṣù ọ̀dà sínú ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ohun tí ó bo ojú rẹ̀, kí ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé, nítorí èyí tí a bá jù ú sínú rẹ̀ a máa fọ́n ọ̀dà jáde.

Èéfín rẹ̀ kò yẹ kí a gbàgbé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í jóni bí iná. Ó máa ń ta ojú àti ọ̀fun. Ní ọdún 2011, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, fẹnu kò pé ó ṣeé ṣe gidigidi kí èéfín ọ̀dà tí àwọn òṣìṣẹ́ òrùlé ń fà símú máa fa jẹjẹrẹ. Ìdérí tí ń pa iná ni ó ń dín èéfín kù pẹ̀lú, ìwọ̀n ìgbóná tí kò pọ̀ jù sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí ń ṣọ́ ìkòkò, kí ó dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Àwọn onílé yóò bi wá léèrè pé kí ni tiwọn nínú gbogbo èyí, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀gá òṣìṣẹ́ ni wọ́n bá ná owó. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1970 di ẹrù ààbò lé agbanisíṣẹ́ lórí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó ní òrùlé lè béèrè ohun mẹ́rin kí iná tó dá: níbo ni ìdérí ìkòkò wà? Kí ni ẹ fi ń wọn ìgbóná rẹ̀? Bàtà àwọn ọmọ yìí dà? Níbo ni omi wà? Omi náà gbọ́dọ̀ wà lórí òrùlé níbi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, kí àgbá rẹ̀ kún, kí a sì dé e, kí ó jìnnà sí ìkòkò àti sí garawa. Ìyá alákàrà kì í sí ní òdìkejì gbogbo ọ̀nà.

Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ó ku ọ̀dà ìsàlẹ̀ àgbá. Ojú rẹ̀ yóò ti dì, yóò máa dán, àwọn ọmọdé yóò sì fẹ́ gun orí rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi igi gún un, nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ omi gbígbóná. Kí a dé e, kí ẹnìkan sì ṣọ́ ọ títí yóò fi tutù tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹni tí yóò tún dáná sí i má ṣe kó gbogbo igi sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ́, yóò máa wú, yóò sì máa wá ọ̀nà jáde lábẹ́ ojú tí ó dì. Bí kò bá rí i, yóò fọ́ ojú náà jáde lójijì. Iná díẹ̀ ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ àgbá, kí etí ọ̀dà náà lè yọ́ sókè kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó gbóná.